Bẹ́líìtì Polar Equine lára ẹṣin ọlọ́nà jíjìn: ohun tó ń jẹ́ ká mọ̀ nípa ọkàn ẹṣin

Ẹṣin ni wọ́n ṣe bẹ́líìtì tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí fún. Polar, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè Finland ní ọdún 1977, tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní ìlú Kempele, ló ń ṣe é, àwọn kan náà tí àwọn sárésáré mọ̀ fún okùn àyà tó ń ka ìlù ọkàn. Wọ́n ní oríṣi mélòó kan fún ẹṣin, ṣùgbọ́n èyí tí mò ń lò ni èyí tí wọ́n ṣe fún ẹṣin tí a di gàárì fún. Ojú rọ́bà méjì tí wáyà so pọ̀ ni, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí ń jẹ́ H10 tí a máa ń kàn mọ́ ọn bí ẹni de bọ́tìnnì, ẹ̀rọ yìí ló sì ń fi iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ sí fóònù tàbí aago ọwọ́ ẹni tó wà lórí ẹṣin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń gbé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń tọ́jú abo ẹṣin Árábù kan, aláwọ̀ eérú, tó ń kópa nínú ìdíje ọ̀nà jíjìn tí ẹgbẹ́ Endurance GB máa ń ṣètò. Ọ̀rẹ́ mi ló ń gùn ún lọ́jọ́ ìdíje, èmi ni mo máa ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà pẹ̀lú omi, tí a bá sì ń múra sílẹ̀, àwa méjèèjì la jọ ń gùn ún. Lára ẹṣin yìí ni mo ti mọ iṣẹ́ bẹ́líìtì náà. Mo lè sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó yẹ lówó tí a ń ná lé e, bí ẹni tó rà á bá ṣe tán láti kọ́ bí ọkàn ẹṣin ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí nọ́ńbà lásán kò lè tọ́jú ẹṣin fún ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe ń dè é ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí pé ibẹ̀ ni sùúrù ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń tán. Ojú rọ́bà kan máa ń wà lábẹ́ gàárì lápá òsì, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Èkejì máa ń wà lábẹ́ ọ̀já tó di gàárì mú, lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ ẹsẹ̀ òsì iwájú, níbi tí ènìyàn lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kó sì mọ̀ ọ́n lára pé ọkàn ń lù. Nígbàkígbà tí ọkàn bá súnkì, ó máa ń tú iná díẹ̀ jáde, iná yìí sì ni ojú rọ́bà méjèèjì ń gbà. Iná náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí irun gbígbẹ lásán fi lè dí i lọ́nà. Omi ni oògùn rẹ̀. Kànìnkànìn tó rin gbingbin ni mo máa ń fi rẹ irun náà, tí màá sì máa tẹ̀ ẹ́ títí tí irun yóò fi lẹ̀ mọ́ awọ pátápátá tí omi yóò sì máa yọ láàrin ìka mi. Ìgbà yẹn ni mo tó máa ń gbé rọ́bà lé e, tí màá rẹ ojú rọ́bà náà pẹ̀lú, kí n tó fa ọ̀já gàárì le. Nígbà òtútù tí irun ẹṣin bá nípọn, omi nìkan kì í tó, ó di kí a fi jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ kún un. Tí ẹṣin bá sì ti làágùn, ìṣòro tán, nítorí òógùn ẹṣin kún fún iyọ̀ gan-an, iyọ̀ sì ń jẹ́ kí iná kọjá láìsí ìdíwọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kí nọ́ńbà ojú fóònù yẹn wúlò fún òun gbọ́dọ̀ mọ irú ọkàn tí òun ń kà. Ọkàn ẹṣin tó wọn kìlógíráàmù 500 máa ń wọn bíi kìlógíráàmù 4 sí 5, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀. A rí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn Phar Lap, ẹṣin eré ìje tí àwọn ará Ọsirélíà fẹ́ràn tó kú ní California ní ọdún 1932, wọn kìlógíráàmù 6.2, ó sì wà nínú National Museum of Australia ní Canberra títí di òní. Nígbà tí ẹṣin bá dúró jẹ́ẹ́ nínú ilé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 28 sí 40 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹṣin kan náà, tó bá sáré dé òpin agbára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò lù tó 220 sí 240. Àwa ènìyàn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Tiwa kì í ju ìlọ́po mẹ́ta tàbí díẹ̀ lé lọ, ti ẹṣin sì lè di ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje. Bí ọkàn rẹ̀ bá sì lù lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bíi lítà ẹ̀jẹ̀ kan ló ń tì jáde, tó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì ní ìṣẹ́jú kan lè ti ìwọ̀n lítà 30 sí 40 nígbà ìsinmi gòkè kọjá lítà 250 lára ẹṣin eré ìje tó ti gba ìmúrasílẹ̀ dáadáa.

Ọlọ inú rẹ̀ tún ń ran ọkàn lọ́wọ́ lọ́nà tí tiwa kò lè gbà ṣe é. Nígbà tí ẹṣin bá ń sinmi, apá ńlá nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ọlọ inú máa ń kó pa mọ́. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tàbí tí nǹkan kan já a láyà, ọlọ inú yóò súnkì, yóò sì da sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí sínú ìṣàn ẹ̀jẹ̀, tí ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀ yóò fi gòkè láti nǹkan bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún sí 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá de bẹ́líìtì yìí mọ́ ẹṣin yóò rí bí ìjáyà yìí ṣe yára tó. A lè máa rìn jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà oko, kí nọ́ńbà wà ní 60 sí 70, kí àparò kan sì ta lójijì láti inú igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kí agẹṣin tó gbá okùn ìjánu mú, nọ́ńbà ti fò kọjá 120. Láàrin ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ó ti sọ̀ kalẹ̀ padà. Àwa tí a ń wo fóònù gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí a má baà pe ẹ̀rù ní àárẹ̀.

Wàyí o, ìrìn ọ̀nà jíjìn yàtọ̀ sí eré ìje ìṣẹ́jú méjì. Ìdíje tó tóbi jù nínú rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 160 ní ọjọ́ kan, irú èyí tí Wendell Robie àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gùn dé Auburn ní California ní ọdún 1955, tó di ìdíje Tevis Cup tí wọ́n ń ṣe títí di ìsinsìnyí. Ẹṣin tó ń lọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò lè máa fi gbogbo agbára ọkàn rẹ̀ sáré. Eré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí àwọn agẹṣin ń pè ní trot ló máa ń sá jù, pẹ̀lú canter, ìyẹn eré tó yá ju trot lọ, díẹ̀díẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa wà láàrin nǹkan bí 110 sí 150. Ní ìwọ̀n yìí, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé tó fún iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe. Tí ó bá kọjá nǹkan bí 150 sí 170, bí ẹṣin náà bá ṣe múra sílẹ̀ sí, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láìrí afẹ́fẹ́ tó, èròjà tí ń jẹ́ lactate á sì máa kó jọ ju bí ara ṣe lè pa á run lọ. Níbí ni bẹ́líìtì náà ti kọ́kọ́ san owó rẹ̀ padà fún wa. Òkè kan wà ní ọ̀nà tí a ti máa ń múra sílẹ̀ tí a máa ń gùn pẹ̀lú trot láìronú, nítorí ẹṣin náà ń fi tìfẹ́tìfẹ́ lọ, tí kì í fi hàn pé ó ń nira. Bẹ́líìtì fi hàn pé ọkàn rẹ̀ máa ń kọjá 170 kí ó tó dé orí òkè. Láti ìgbà náà, rírìn ni a máa ń rìn gun apá tó ga jù níbẹ̀, ẹṣin náà sì máa ń ní okun púpọ̀ sí i fún apá ọ̀nà tó kù.

Ohun kejì tó fi hàn wá ni bí ọkàn ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé eré pọ̀ sí i. Ní wákàtí àkọ́kọ́, eré kan lè fi ọkàn sí 115, àmọ́ ní wákàtí kẹrin, eré kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà, ti fi í sí 130. Omi ara ló fà á. Nígbà ooru, ẹṣin lè pàdánù lítà 10 sí 15 òógùn ní wákàtí kan, èyí sì jẹ́ omi tó ti inú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó kù á nípọn, ìwọ̀n tí ń padà sínú ọkàn á dínkù, ọkàn á sì ní láti lù léraléra kí ó lè gbé iye kan náà. Ní àfikún, ara máa ń darí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí awọ kí ooru lè jáde, ẹ̀jẹ̀ tó sì wà ní awọ kò sí níbi iṣan tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń wo ìgòkè yìí lójú fóònù yóò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹṣin òun mu omi kí ó tó di pé ọ̀fun rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹṣin tó ti pàdánù iyọ̀ pọ̀ pẹ̀lú omi kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń ra bẹ́líìtì yìí, ìgbà tí ẹṣin dúró ni màá mú. Bí ọkàn ṣe ń wálẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe gòkè lọ. Òfin ìdíje fúnra rẹ̀ dúró lórí èyí. Nínú ìdíje tí FEI, àjọ àgbáyé fún eré ìdárayá ẹṣin, ń darí, ọkàn ẹṣin kò gbọdọ̀ ju 64 lọ nígbà tí dókítà ẹranko bá wọ̀n ọ́n ní ibùdó àyẹ̀wò, láàrin ìṣẹ́jú tí òfin gbà láàyè, ní àwọn ibùdó tó wà lójú ọ̀nà, aago eré kò sì dúró títí tí agẹṣin yóò fi mú ẹṣin rẹ̀ wọlé fún àyẹ̀wò. Ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ kọ̀ láti wálẹ̀, ó ti kúrò nínú ìdíje, ì báà ṣe òun ló kọ́kọ́ dé. Nínú àwọn ìrìn tí Endurance GB ń fi ipò sí, wọ́n á wọn ọkàn ẹṣin ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tó bá parí, iye tí wọ́n bá rí pẹ̀lú ìwọ̀n eré rẹ̀ ló sì ń sọ ipò tí yóò gbà. Mi ò tíì rí òfin eré kankan tó bu ọlá fún ẹranko ju èyí lọ.

Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń rí níbi tí mo bá dúró sí. Ẹṣin á dé, òógùn funfun á ti hó sí ọrùn rẹ̀ àti sáàrin itan rẹ̀, ihò imú rẹ̀ á ṣí gbagada. Ọ̀rẹ́ mi á sọ̀ kalẹ̀, á fi fóònù lé mi lọ́wọ́. 122. Á tú ọ̀já gàárì díẹ̀, èmi á gbé ìgò omi tutù kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá da á sí ọrùn níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wà, sí èjìká, sí inú itan, màá tún da òmíràn kí èyí àkọ́kọ́ tó gbóná. 96. Màá gbé garawa omi síwájú rẹ̀, á mu, etí rẹ̀ á máa lọ síwájú sẹ́yìn bí omi ṣe ń lọ sí ọ̀fun. 80. Ẹ̀yìn èyí ni iṣẹ́ tó le, nítorí ọkàn máa ń já wálẹ̀ kíákíá ní ìṣẹ́jú kìíní, èyí tó kù á sì máa fà bí ẹni pé kò fẹ́ lọ. 72, 70, 71, 68. Tí mo bá rí i pé ó dúró sójú kan, màá tún da omi sí i, màá sì mú un rìn díẹ̀ sábẹ́ ibòji. Tó bá ti ń fi 58 tàbí 60 hàn láìfò sókè, ìgbà náà la ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí a tó ní bẹ́líìtì, àbá la máa ń dá. Nísinsìnyí a mọ ìgbà tó yẹ kí a wọlé.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn àgbà agẹṣin kan láti da omi tutù sí ẹṣin tó gbóná, wọ́n ní iṣan rẹ̀ á dì. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe ṣáájú ìdíje Òlíḿpíìkì Atlanta ti ọdún 1996, nígbà tí wọ́n ń ronú nípa ooru àti ọ̀rinrin ìlú náà, fi hàn pé omi tutù kò pa ẹṣin lára, ó sì ń mú ooru ara àti ìlù ọkàn wálẹ̀ kíákíá. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó de bẹ́líìtì mọ́ ẹṣin rẹ̀ kí ó sì máa wo nọ́ńbà bí omi ṣe ń kan ara.

Ìdánwò kan wà tí dókítà máa ń ṣe níbi àyẹ̀wò, èyí tí Kerry Ridgway, dókítà ẹranko ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀, a sì lè fi bẹ́líìtì ṣe é fúnra wa nílé. Wọ́n á ka ọkàn ẹṣin, wọ́n á jẹ́ kí ó sá trot ní nǹkan bíi mítà 40 lọ àti 40 bọ̀, nígbà tó bá di ìṣẹ́jú kan géérégé láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ eré náà, wọ́n á tún un kà. Bí nọ́ńbà kejì bá dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ tàbí tó dín sí i, ara ẹṣin ṣì ní okun. Bí ó bá fi ju mẹ́rin lọ lékè, ó yẹ kí a fura, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò tó 64. Àárẹ̀ lè wà níbẹ̀, omi ara lè ti lọ, tàbí kí ibì kan máa dùn ún. Ìrora máa ń gbé ọkàn ga. Nígbà kan tí a ń múra sílẹ̀, ọkàn abo ẹṣin wa ga ju bó ṣe máa ń wà lọ ní ìwọ̀n eré kan náà, ojú ọjọ́ sì tutù, kò sí ohun tí a lè dì í mọ́. Kò tíì tiro rárá ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì ó tiro, ẹni tó ń kan bàtà fún ẹṣin sì rí ojú egbò tó fẹ́ gún lábẹ́ pátákò rẹ̀.

Ibi tí agbára bẹ́líìtì náà mọ ló yẹ kí n wá sọ, kò sì sí àbùkù níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí gbogbo ẹ̀rọ irú èyí, ẹni yòówù kó ṣe é, bákan náà ni. Iye ìlù ni wọ́n ń kà. Ìró ọkàn kò hàn sí wọn, wọn kò lè sọ bóyá ilẹ̀kùn inú ọkàn ń jò, wọn kò sì lè dá oríṣi ìlù tí kò bára dọ́gba mọ̀ bí dókítà ṣe lè ṣe é. Ọkàn ẹṣin tó lera, nígbà tó bá ń sinmi, a máa fo ìlù kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ àfetí dókítà sí i láyà ní òwúrọ̀ kùtù, ẹ ó gbọ́ ìlù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lọ déédéé, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ á pa, débi pé ẹ ó di èémí mú, kí ìlù tó tún bẹ̀rẹ̀. Ara ló ń fà ọkàn sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ nígbà ìsinmi, ó sì wọ́pọ̀ lára ẹṣin tó ti gba ìmúrasílẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó tán. Lójú fóònù, ńṣe ni nọ́ńbà á kàn máa fò sókè sódò, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ tàbí pé ẹṣin ń ṣàìsàn. Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Apá ìkẹyìn nínú iná tí ọkàn ẹṣin ń tú jáde máa ń tóbi, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ lè ka ìlù kan sí méjì, kí 36 di 72. Nítorí náà, ọwọ́ tí a gbé lé àyà, tàbí ẹ̀rọ àfetí, ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ẹ̀rọ kí a tó gbà á gbọ́.

Àìsàn kan wà tí yàrá òkè inú ọkàn á máa gbọ̀n dípò kí ó súnkì. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní atrial fibrillation. Ẹṣin lè ní i kí ó sì dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan nígbà ìsinmi, nítorí iye ìlù rẹ̀ lè wà níbi tó yẹ. Nígbà iṣẹ́ ni ọkàn á ga ju bí eré ṣe yẹ lọ. Bẹ́líìtì lè jẹ́ kí a fura sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná ọkàn, pẹ̀lú ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Mo tún ti rí èyí tó yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ibùdó àyẹ̀wò kan, ní ọjọ́ tí oòrùn mú, wọ́n mú akọ ẹṣin kan dúró nítòsí mi, ìhà rẹ̀ sì ń fò, kì í ṣe bí èémí, ó yára ju èémí lọ, ó ń lọ ṣàn, ṣàn, ṣàn. Dókítà gbé ọwọ́ kan lé ìhà rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ àfetí sí i láyà, ó ní ọkàn àti ìhà jọ ń lù ní ìgbà kan náà ni. Ohun tó fà á ni pé òógùn ti gbé iyọ̀ ara lọ, pàápàá kálísíọ̀mù, débi pé iṣan ìmọ̀lára tó kọjá lórí ọkàn lọ sí awọ tó pààlà láàrin àyà àti ikùn ń ta sí iná ọkàn, tí awọ náà fi ń súnkì ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù. Iye ìlù ọkàn ẹṣin náà kò burú. Bí ẹni tó ni ín bá wo nọ́ńbà nìkan, ì bá ti tún gùn ún lọ. Wọ́n dá a dúró, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara wo ọkàn àwọn ẹṣin tó parí ìrìn jíjìn, wọ́n rí i pé agbára tí yàrá ọkàn apá òsì fi ń súnkì máa ń dínkù fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan pé èròjà tí ń jẹ́ troponin, tó máa ń jáde nígbà tí iṣan ọkàn bá ṣe wàhálà jù, gòkè díẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹṣin tó lera, ó máa ń padà sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú ìsinmi. Kò sí bẹ́líìtì tó lè fi èyí hàn. Ìdí nìyí tí mo fi gbàgbọ́ gidigidi pé ẹṣin tó bá parí ìdíje ńlá gbọ́dọ̀ sinmi, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ ti wálẹ̀ sí 40 ní alẹ́ ọjọ́ náà tí ó sì ń jẹ koríko rẹ̀ bí ẹni tí kò rin ìrìn kankan.

Fún ìmúrasílẹ̀ oṣù dé oṣù, bẹ́líìtì náà wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe máa wá ohun tí kò sí. Sárésáré ènìyàn tó ń múra sílẹ̀ máa ń rí i pé ìlù ọkàn òun nígbà ìsinmi ń dínkù. Lára ẹṣin, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, iye tó ga jù lọ tí ọkàn lè lù náà kì í yí padà. Ọkàn á tóbi sí i, á máa tì ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan, èyí tó sì máa hàn sí wa ni pé eré kan náà lórí òkè kan náà á máa gba ìlù tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, tí ìwálẹ̀ rẹ̀ á sì máa yára. Áàpù tí a ń lò pẹ̀lú rẹ̀ lórí fóònù ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìrìn kọ̀ọ̀kan, tó fi rọrùn láti fi ti oṣù yìí wé ti oṣù tó kọjá. Mo dámọ̀ràn kí ẹ yan ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ ó máa fi wọn ẹṣin yín, kí ẹ sì kọ bí ooru ọjọ́ ṣe rí sílẹ̀ pẹ̀lú, torí pé láìsí èyí, ẹ ó máa fi ọjọ́ òtútù wé ọjọ́ ooru.

Bátìrì H10 rí pẹlẹbẹ bí ẹyọ owó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CR2025, ó sì máa ń pẹ́. Kí ẹ máa yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára rọ́bà lẹ́yìn iṣẹ́ gbogbo, nítorí rọ́bà tí omi ṣì wà lára rẹ̀ á mú kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ láìsí ẹṣin lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ fi omi ṣan òógùn kúrò lára rọ́bà kí iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn. Wáyà tó so rọ́bà méjèèjì pọ̀ ni kí ẹ máa yẹ̀ wò kí ẹ tó de gàárì, kí ó má baà ká sí abẹ́ rẹ̀ kí ó sì máa ha ẹṣin lára, torí pé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ibi kékeré tó ń ha á lè di egbò tó lè yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje ṣáájú kí ọkàn rẹ̀ tó sọ ohunkóhun.

Ẹni tó ń gun ẹṣin lọ sí ọ̀nà jíjìn, tàbí tó ń múra ẹṣin sílẹ̀ fún un, màá sọ fún un pé kí ó ra bẹ́líìtì tó ń wà lábẹ́ gàárì yìí, kí ó sì ra ẹ̀rọ àfetí dókítà mọ́ ọn, èyí tí kò wọ́n rárá. Àwọn ará ilé tí wọ́n ń tọ́jú ẹṣin ní Ìlọrin fún durbar, tàbí ẹṣin polo ní Ìbàdàn àti Èkó, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ díẹ̀. Ìrìn tiwọn kì í gùn, àmọ́ ooru wọn pọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ń dí òógùn lọ́wọ́ láti gbẹ, tó fi jẹ́ pé ọkàn ẹṣin wọn lè pẹ́ kí ó tó wálẹ̀ ju ti ẹṣin tó rin kìlómítà 40 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Wọn kò nílò ohun tí wọ́n máa dè mọ́ ẹṣin lákòókò eré. Polar kan náà ti ṣe èyí tí a ń fi ọwọ́ dì mú, tí a kàn máa ń gbé lé ibi tí a ti fi omi rẹ lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ ẹṣin, tí nọ́ńbà á sì jáde. Ìyẹn ló yẹ kí wọ́n ní nínú ilé ẹṣin, kí wọ́n sì máa gbé e lé ẹṣin kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe ń ti orí pápá bọ̀, pẹ̀lú garawa omi tutù nítòsí, kí wọ́n má ṣe dá a padà sórí pápá títí tí ọkàn rẹ̀ yóò fi wà nísàlẹ̀ 64.